Ẹ Bi Ẹ̀dọ̀ Léèrè

Ní Àgọ́-Àrẹ wa, bí àgbàlagbà bá ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń fi ọ̀sán sùn tó ń fi òru ṣọ́nà, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n pìtàn kan.

Ní 1893, ní Rọ́ṣíà, Pavlov àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ajá, tí ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun kò fi gba ẹ̀dọ̀ kọjá mọ́. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹran, orí wọn á dàrú, ẹsẹ̀ ò ní gbé wọn mọ́. Amóníà tó ń ti ìfun wá, tí ẹ̀dọ̀ ìbá ti pa lágbára, ti dé ọpọlọ.

Ní 1954, ní Lọ́ńdọ̀nù, Sheila Sherlock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé irú rẹ̀ lára ènìyàn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́. Láti 1966 ni oògùn olómi dídùn kan, lactulose, ti ń bá wọn yàgbẹ́ amóníà náà dànù.

Ọtí àti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wà lára ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kì í ṣe gbogbo orí dídàrú ló ti ibẹ̀ wá o. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó wá ẹni tó ṣe é, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀dọ̀ rẹ̀ léèrè.