Honda CG125: Àìsàn Ni, Tàbí Ọlọ́jọ́ Ló Dé?

Àwọn àgbà ní àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Bí agbára alùpùpù àtijọ́ bá dín kù, èwo nínú méjèèjì ni? Mo ti rí ọ̀pọ̀ Honda CG125 tí wọ́n ju ẹ́ńjìnnì wọn nù, bẹ́ẹ̀ àìsàn lásán ló ń ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn rẹ̀.

Ọdún 1976 ni Honda ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé e jáde. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ti ṣàkíyèsí pé ní àwọn ilẹ̀ tí eruku pọ̀, àwọn tó ń fi alùpùpù jẹun kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, wọn kì í sì í fọ asẹ́ tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí kámù rẹ̀ wà lókè, tí ṣéènì ń yí, kì í pẹ́ jẹ bí ọ́ìlì bá dọ̀tí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé kámù ti CG sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀pá ti fáàfù láti ibẹ̀. Wọ́n ṣe é kí ó lè fara da ìyà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kí a má tọ́jú rẹ̀.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún irú ẹ̀rọ yìí náà kọ́ wa ní àyẹ̀wò. Kí a tó máa pè é ní ọ̀kadà, orúkọ tí a yá lára ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, alùpùpù ló ń jẹ́: a-, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, lù, ọ̀rọ̀-ìṣe, pùpù, ìró rẹ̀. Etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Lọ́gbẹlẹ̀ tó kọjá, tèmi kò lè gun òkè mọ́. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní, "Olùkọ́, ẹ má tíì náwó. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ ná." Ó tanná sí i, ó ń wúkọ́. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó dúdú bí èédú: epo pọ̀, afẹ́fẹ́ kò tó. Ó ṣí asẹ́, eruku ti dí i pa. Ohun tó bá ojú ti bá imú.

Ètò tí bàbá náà tẹ̀ lé ni kí a mú lò, láti orí ohun tí kò gbówó lórí. Lẹ́yìn asẹ́, ó wo àlàfo púlọ́ọ̀gì, tó yẹ kí ó jẹ́ 0.6 sí 0.7 mìlímítà. Ó wo kọ́ńtáàtì, èyí tí àwọn CG àkọ́kọ́ ń lò, 0.3 sí 0.4. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó wo tápẹ́ẹ̀tì, 0.08. Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá pé, tí agbára kò sì padà, tí èéfín aláwọ̀ búlúù ń jáde, ìgbà náà ni a ó fura sí ríìngì àti písítìn. Ìyẹn gan-an ṣì ṣeé pààrọ̀.

Bí a bá ń ju ẹ̀rọ tó ṣeé wò nù, etí àwọn tó mọ ohùn rẹ̀ là ń sọ di aláìníṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ Yorùbá tí àwọn mẹkáníìkì àdúgbò yín ń pe ẹ̀yà ara alùpùpù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà parun.

Ire o.