Oko Àjọni: Èyí Tó Dúró, Àti Èyí Tó Tú Mọ́ Wa Lọ́wọ́

 

A lọ ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan lágbègbè wa níbí. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti tú. Ẹni 25 ló kọ orúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ajílẹ̀ ń bọ̀. Ajílẹ̀ dé, kálukú gbé tiẹ̀ lọ, àwọn kan ti tà á kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìpàdé ò sì wáyé mọ́. Ìyá kan tó ń yan gàrí wá bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ ìjọba, gbogbo ìgbà lẹ máa ń ní ká para pọ̀. Ṣé ibì kan tiẹ̀ wà láyé tí àgbẹ̀ ti para pọ̀ tí ò tú?"

A ò dá ìyá lóhùn tán lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn wa rèé. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

ÀWỌN TÍ Ò FẸ́ MÁNÍJÀ

Ní 1910, lẹ́bàá Òkun Gálílì tí a ń kà nínú Bíbélì, àwọn ọ̀dọ́ Júù 12, ọkùnrin 10 àti obìnrin 2, bẹ̀rẹ̀ oko kan. Iṣẹ́ oko lábẹ́ máníjà ti sú àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwọn. Wọ́n ní àwọn á ro oko náà fúnra àwọn, kò ní sí ọ̀gá, kò ní sí ọmọọ̀ṣẹ́. Degania ni wọ́n pe ibẹ̀. Òun ni kibbutz àkọ́kọ́. Àjọ kan tó ń ra ilẹ̀ fún àwọn Júù ló ni ilẹ̀ náà, wọn ò sì lè tà á. Ká sọ òótọ́ o, ilẹ̀ yẹn kì í ṣe igbó tí ò lólúwa. Àwọn Lárúbáwá ti ń gbé lágbègbè náà, ìjà ilẹ̀ ọ̀hún ò sì tíì tán títí dòní. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀tà mọ ohun tí ìjà ilẹ̀ ń fà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ní kibbutz? Kò sí owó oṣù. Wọ́n á kọ iṣẹ́ ọjọ́ kejì síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i: lágbájá á fún wàrà màlúù, tàmẹ̀dù á lọ sóko ọsàn, ẹlòmíì á wà ní ilé ìdáná. Yàrá ìjẹun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Aṣọ, ilé, oògùn, ẹ̀kọ́ ọmọ, àpò ẹgbẹ́ ló ń san án. Níbi púpọ̀, àwọn ọmọ kì í sùn lọ́dọ̀ òbí wọn, ilé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń sùn. Ọ̀pọ̀ ìyá ò fara mọ́ èyí, wọ́n sì fi sílẹ̀ nígbà tó yá. Ìpàdé gbogbogbòò ló so wọ́n pọ̀ jù: ẹnì kan, ìbò kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ohun tí wọ́n máa gbìn, ohun tí wọ́n máa rà, ẹni tí wọ́n máa gbà wọlé. Ipò sì máa ń yí ká. Ẹni tó jẹ́ akápò lónìí lè máa fọ abọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Wọn ò sì dúró sórí oko nìkan. Ní 1965, Hatzerim, kibbutz kan nínú aṣálẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pá rọ́bà tó ń kán omi síbi ìdí irúgbìn díẹ̀díẹ̀. Netafim ni orúkọ kọ́ńpìnnì náà, ó ti wá kárí ayé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: lọ́dọ̀ tiwọn, àgbẹ̀ ló dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ọ̀tà, kọ́ńpìnnì ló wá bá oko, ọmọ àgbẹ̀ sì ń dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, bóyá wọ́n á pè é fún iṣẹ́ ojúmọ́.

Àwọn náà rí ogun tiwọn. Ní àárín ọdún 1980 sí 1990, èlé ẹ̀yáwó ga ju ohun tí apá wọn ká lọ, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀pọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, púpọ̀ yí òfin padà, wọ́n ń san owó fún kálukú bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe tó. Degania gan-an ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2007. Síbẹ̀, nǹkan bíi 270 kibbutz ló ṣì wà.

BÓ ṢE DÉ ỌDỌ̀ WA

Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń jáde ìwé mẹ́fà, wọn ò fẹ́ gbé ọkọ́ mọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì ò sì tó wọn. Olóyè Akin Deko, tó jẹ́ Mínísítà Ètò Ọ̀gbìn, lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ísírẹ́lì. Kì í ṣe kibbutz gan-an ni wọ́n mú wálé, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní moshav ni. Nahalal ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀, ní 1921. Ní moshav, kálukú ló ni ilé àti oko tiẹ̀, èrè rẹ̀ ń wọ àpò rẹ̀. Ríra àti títà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni Farm Settlement ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Nígbà tó yá, Dókítà Michael Okpara náà ṣe tiẹ̀ ní Ìlà Oòrùn. Ọ̀kan wà ní Adó-Odò nítòsí wa níhìn-ín, ọ̀kan wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀kan wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n á kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ fún ọdún méjì, wọ́n á fún un nílé àti ilẹ̀, wọ́n á sì máa fún un ní owó oúnjẹ títí irè á fi dé. Gbèsè ni owó yẹn, ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ọmọ náà, owó oṣù ni. Wọ́n ka ara wọn sí òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kòkó, ọ̀pẹ, ọsàn àti rọ́bà ni wọ́n gbìn. Rọ́bà nìkan máa ń tó ọdún mẹ́fà sí méje kó tó ṣeé kọ. Ọ̀gá láti ọ́fíìsì ló ń sọ ohun tí wọ́n máa gbìn. Ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn, owó tí ìjọba ń ná lórí ẹnì kan ṣoṣo pọ̀ ju ohun tí àpò ìjọba lè gbé lọ. Rògbòdìyàn òṣèlú 1962 dé, ogun abẹ́lé tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ náà kó ẹrù, wọ́n gba Èkó lọ. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ogún tó jẹ nìyẹn.

Ẹ má sọ pé Yorùbá ò lè ṣe é o. Ní 1947, àwọn ẹlẹ́sìn kan tẹ Ayétòrò dó létí òkun Ìlàjẹ. Kì í ṣe Ayétòrò ti Yewa o. Kò sí ìjọba tó ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hunṣọ, àpò kan náà ni gbogbo owó ń wọ̀. Wọ́n ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ò tíì ní. Bí nǹkan bí ogún ọdún, ó dúró. Lẹ́yìn náà ni kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò tiẹ̀, àpò àjọni sì tú. Lónìí, òkun ń gbé ìlú náà lọ.

ÌDÁHÙN WA FÚN ÌYÁ ALÁGÀRÍ

Ibẹ̀ wà, ìyá. Kò sí èyí tí ò yí padà, ṣùgbọ́n èyí tó pẹ́ ni èyí tí àwọn tó wà nínú ẹ̀ fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Èyí tí owó ìjọba kó jọ, ìgbà tí owó bá tán ló ń tú. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba náà jẹ̀bi níbẹ̀: a máa ń mú ìwé orúkọ dé kí ìfẹ́ tó dé. Àwọn bàbá wa ò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe àáró. Oko tìẹ lónìí, oko tèmi lọ́la.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ara yín ní ẹgbẹ́:

1. Ẹ kọ́kọ́ dáwó tiyín, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tí ò fi nǹkan sílẹ̀ ò ní ohun tó ń ṣọ́.
2. Ẹ ka ìwé owó sókè létí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Ẹ máa pààrọ̀ akápò.
3. Ẹ má fi gbogbo ilẹ̀ gbin ohun tó ń pẹ́. Ẹ fi àgbàdo, ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀gẹ́ sáàárín, kí oúnjẹ wà kí èrè ńlá tó dé.
4. Ẹ gba ìwé lórí ilẹ̀ tí ẹ yá, kí ọdún inú ìwé sì ju ọdún tí irúgbìn máa lò lọ. Ní Ọ̀tà tiwa yìí, ẹsìtéètì lè dé bá yín lórí ebè.
5. Ẹ má yá owó báńkì kí ẹ tó mọ bí ẹ ṣe máa san èlé ẹ̀ bí ọjà bá wọ́lẹ̀.

Ẹni 9 nínú àwọn 25 yẹn ti tún jókòó báyìí. Wọn ò retí ajílẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni kálukú ń dá lọ́sẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fẹ́ rà. Ìyá alágàrí ni akápò.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín gbé ní Farm Settlement Adó-Odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, a ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bá wọn lọ.

Ire oko á jẹ́ tiwa o.