Pápá Ogun Kírìjì

Ogun Kírìjì, tàbí Ogun Èkìtì Parapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí Ògèdèǹgbé ṣe olórí ogun wọn, kò fẹ́ sin Ìbàdàn mọ́. Ìró ìbọn ńlá ló bí orúkọ Kírìjì. Àárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òní, ni àgọ́ méjèèjì ti kọjú síra. Wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àgọ́ tó tú.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó yẹ kí á dáàbò bo pápá yìí kí oko àti ilé má baà bò ó, kí ọmọ Ìgèdè-Èkìtì àti ọmọ Ìbàdàn lè jọ wo ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti kọsẹ̀.