Lọ́fínńdà Sauvage: Bí òórùn rẹ̀ ṣe ń yí padà lára ọkùnrin

Lára àwọn lọ́fínńdà ọkùnrin tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí àwọn ọ̀dọ́ Àgbàdo, Òkè-Odò àti Abúlé-Ẹ̀gbá ni Sauvage, èyí tí ilé-iṣẹ́ Dior ní orílẹ̀-èdè Faransé ń ṣe. Ọdún 2015 ló jáde. François Demachy, tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń po lọ́fínńdà ní ilé-iṣẹ́ náà nígbà náà, ló pò ó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú mọ́ Eau Sauvage, tí Edmond Roudnitska ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan náà ní ọdún 1966. Orúkọ ló jọra, òórùn wọn yàtọ̀ gédégédé.

Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ra ojúlówó rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìgò Sauvage onímìlílítà 100 ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á ni kì í dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó sanwó. Wọn yóò fín in, wọn yóò gbọ́ òórùn rẹ̀, ó parí. Òórùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sanwó yẹn gan-an ni kì í bá wọn délé.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín lọ́fínńdà yìí sára, sípíríìtì inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fò lọ. Òun ló fà á tí ara fi ń tutù lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bergamot yóò gbòde. Irú ọsàn kíkan kan ni, Calabria ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ítálì ni wọ́n ti ń gbìn ín, èèpo rẹ̀ ni wọ́n sì ń fún òróró lára rẹ̀. Òórùn rẹ̀ mú ṣáṣá, ó ń tani nímú bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà tín-tìn-tín inú òróró ọsàn fúyẹ́ púpọ̀, ooru ara sì tètè ń gbé wọn fò. Ọkùnrin tó fín in kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line ní Àgbàdo, òórùn ọsàn náà yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀ nígbà tó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní Òyìǹgbò.

Ata Sichuan àti òdòdó lavender ló máa ń gba ipò rẹ̀. Orúkọ òdòdó yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ‘lọ́fínńdà’ ti wá. Ata Sichuan ní tirẹ̀ kì í ṣe ìbátan ata rodo rárá. Ẹbí orín ata tí àwọn àgbà fi ń fọ ẹnu láàárọ̀ ni.

Ohun tó sọ Sauvage di Sauvage ni Ambroxan. Láyé àtijọ́, nǹkan kan tó ń ti inú ìfun àbùùbùtán jáde, tí omi òkun ń gbé wá sí etí òkun, ni àwọn tó ń po lọ́fínńdà ń fi owó gọbọi wá kiri. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ló ṣe Ambroxan láti fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì lè ti ara ewéko tí wọ́n ń pè ní clary sage ṣe é. Òórùn rẹ̀ dà bí igi gbígbẹ tí iyọ̀ òkun ti kàn, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí awọ ara èèyàn. Àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀, ọsàn ló bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí pé kì í tètè fò, ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a sì tún máa sun mọ́jú lára aṣọ.

Ara kò sì rí bákan náà. Awọ gbígbẹ, pàápàá lásìkò ọyẹ́, kì í di òórùn mú bí awọ tó ní epo lára. Yàtọ̀ sí èyí, imú ẹni tó fín in máa ń mọ́ra pẹ̀lú rẹ̀, débi tí yóò fi rò pé ó ti tán, tí yóò sì tún fín òmíràn lé e. Àwọn tó jọ wọ bọ́ọ̀sì BRT láti Abúlé-Ẹ̀gbá lọ sí Ọ̀ṣọ́dì ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Oríṣi rẹ̀ tún pọ̀. Eau de Parfum jáde ní ọdún 2018, Parfum ní 2019, Elixir ní 2021. Ó yẹ kí olùrà mọ èyí tó wà nínú páálí tó gbé dání. Ní ti òróró inú ìgò kékeré tí àwọn tí kò fẹ́ ọtí lára ń rà lábẹ́ orúkọ Sauvage, afarawé ni. Kì í ṣe pé kò lè dára o, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n gba owó Dior lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ló wá le jù. Ó lè jọ ojúlówó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, nítorí òróró ọsàn àti sípíríìtì kò ṣòroó rí. Fífín in sórí bébà kò tó, torí bébà kò ní ooru, kò sì ní epo ara. Ọrùn ọwọ́ ni kí wọ́n fín in sí, kí wọ́n má fi ọwọ́ kejì ra á, kí wọ́n ra ohun mìíràn tí wọ́n wá rà lọ́jà, kí wọ́n sì padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí kò bá sí ohunkóhun lọ́wọ́ wọn mọ́, kí owó wọn ṣì wà lápò. Bí òórùn igi gbígbẹ náà bá ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n wo nọ́ńbà abẹ́ ìgò àti ti abẹ́ páálí, bóyá wọ́n bára mu.