Bí Iṣan Ọpọlọ Ṣe Ń Wá Ọ̀nà Dé Ọ̀dọ̀ Ara Wọn

Láti Igbókòdá títí dé etí òkun ní Ayétòrò, ọ̀nà omi ni ó so àwọn ìletò Ìlàjẹ pọ̀. Ọpọlọ ọmọ ènìyàn pẹ̀lú ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ ju èyí tí a lè kà lọ. Báwo ni wọ́n ṣe là? Ìtàn bí àwọn amòye ṣe wádìí rẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1873, Camillo Golgi, ará Ítálì, fi èròjà fàdákà pa iṣan ọpọlọ láró dúdú, kí ojú lè rí wọn. Ó gbà pé àwọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì, lo ọgbọ́n kan náà, ṣùgbọ́n ní 1888 ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ní 1890 ó tún rí i nínú ọlẹ̀ adìẹ pé ṣóńṣó iṣan tí ń hù ni ó ń wá ọ̀nà kiri, bí ọlọ́kọ̀ tí ń fi ọ̀pá tọ́ omi wò. Ní 1906 àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Síbẹ̀ Golgi kò yí ohùn padà.

Ohun tí ó ti kú ni Cajal wò. Ní 1907, Ross Harrison, ará Amẹ́ríkà, mú ẹ̀yà ara ọlẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, ó dá a sí láàyè lábẹ́ dígí, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí iṣan tí ń rìn lọ síwájú.

Ní 1938 òfin Ítálì lé àwọn Júù kúrò ní yunifásítì. Rita Levi-Montalcini kò sinmi. Nínú yàrá ibùsùn rẹ̀ ni ó ti ń yẹ ọlẹ̀ adìẹ wò. Lẹ́yìn ogun, ní Amẹ́ríkà, ó fi hàn pé èròjà kan wà tí ẹ̀yà ara ń sun jáde: àwọn iṣan kan tí ó bá rí i gbà a dàgbà, àwọn tí kò bá rí i a kú. Òun àti Stanley Cohen gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986.

Lẹ́yìn 1960, David Hubel àti Torsten Wiesel dí ojú kan ọmọ ológbò. Nígbà tí wọ́n ṣí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ojú náà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò lè fi í ríran dáadáa mọ́. Ọ̀nà omi tí ọkọ̀ kì í gbà, koríko ni yóò bò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe yára pe ọmọ kékeré ní olódo. Oúnjẹ, ọ̀rọ̀ sísọ, eré àti ẹ̀kọ́ ni àwọn ọkọ̀ tí ń gba ojú omi náà kọjá. Ọ̀nà inú orí rẹ̀ kò tíì là tán, ọwọ́ wa sì wà nínú iṣẹ́ náà.