Ilé Efúnyẹlá ní Ìkẹ́nnẹ́

Ẹni tó bá ń lọ wo ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ti mọ ojú onílé kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọdún 1999 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lára owó ọgọ́rùn-ún náírà, pẹ̀lú awò ojú roboto àti fìlà tí gbogbo Yorùbá ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Wọ́n tọ́jú irú àwọn fìlà bẹ́ẹ̀ sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní ọgbà yìí, pẹ̀lú aṣọ àti bàtà rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ Awólọ́wọ̀ ni ilé náà ń jẹ́. Efunyela Hall ni wọ́n ń pè é, Efúnyẹlá sì ni ìyá tó bí i lọ́mọ ní Ìkẹ́nnẹ́ yìí kan náà, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1909.

Orúkọ bàbá rẹ̀, Ṣópólú, ni wọ́n fún ilé ìkówèésí tó wà nínú ọgbà náà. Ọdún 1920 ni Ṣópólú kú, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlá péré, ilé-ìwé sì di ohun tó ń fi àárẹ̀ wá. Ó sìn lọ́dọ̀ olówó, ó pọnmi, ó ṣẹ́gi, kó tó rí owó ilé-ìwé san ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ìjọba rẹ̀ gbájú mọ́ nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ibi tó tọ́ gan-an ni orúkọ Ṣópólú wà, láàárín ìwé.

Àmọ́ ìyàwó ilé, Hannah Ìdòwú Dídéolú, tí wọ́n ń pè ní Mama HID, ni àwọn àlejò máa ń tètè gbójú fò, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ lòun náà. Oníṣòwò gidi ni: ó ta aṣọ léèsì, ó sì gba sìgá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Nigerian Tobacco Company fún títà. Ní 1963, oṣù keje, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn tó jẹ́ lọ́yà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún ọkọ rẹ̀ lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Obìnrin yìí ṣọ̀fọ̀ ọmọ, ó ń sáré ọkọ, ó ń bójú tó àwọn ọmọ tó kù, kò sì jẹ́ kí ọjà rẹ̀ kú. Oṣù kẹjọ ọdún 1966 ni Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun, tó tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ni Awólọ́wọ̀ kú sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1987, lẹ́ni ọdún 78, inú ọgbà ilé rẹ̀ ni ibojì rẹ̀ sì wà. Kì í ṣe àrà tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láyé àtijọ́, inú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sin bàálé sí, kí òkú má baà jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìjọba amúnisìn gbógun ti àṣà yẹn ní Èkó, ó ní ó léwu fún ìlera, ṣùgbọ́n kò parẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ti Ìkẹ́nnẹ́ ni pé àjèjì náà lè wọlé wá kí bàálé.

Ọdún 28 ni Mama HID fi gbé ilé náà lẹ́yìn ikú ọkọ. Olóṣèlú tó ń wá ojú rere Yorùbá kò lè ṣe kó má yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ló kú, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí ì bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Láti Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà rárá. Àwọn ilé-ìwé tó ń kó ọmọ wá wo fìlà àti awò ojú, ó yẹ kí wọ́n tún mú wọn dé Mayflower, ilé-ìwé tí Tai Ṣólàrín dá sílẹ̀ nílùú kan náà ní 1956. Ọjọ́ kan tó fún méjèèjì.