Etí Dókítà àti Òkúta Inú Àpò Ìtọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì ìró èdè mi nígbà kan á rántí ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́: etí máa ń tan ènìyàn jẹ. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìtàn àwọn oníṣẹ́-abẹ tó ń yọ òkúta inú àpò ìtọ̀ ni mo ń kà, mo sì wá rí i pé etí ni àwọn náà gbójú lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tiwọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì ìdánwò o. Ẹ̀mí ènìyàn ni.

Òkúta yìí kì í ṣe èyí tí à ń ṣà lójú ọ̀nà. Àwọn èròjà tó wà nínú ìtọ̀ ló ń dì pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi le. Kí ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara tó dé, báwo ni dókítà ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ lórí ni wọ́n ń tì gba ojú ìtọ̀ wọ inú àpò. Bí orí irin bá kan òkúta, ọwọ́ dókítà á mọ̀ ọ́n, etí rẹ̀ á sì gbọ́ "kọ́!" Sound ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irin náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rò ó pé nítorí ìró yẹn ni. Rárá o! Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ohùn ló pa wọ́n pọ̀. Èyí tó túmọ̀ sí ìró, inú èdè Látìn ló ti ṣẹ̀ wá. Ti irin wá láti ara ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ń lò fún wíwọn bí omi ṣe jìn tó.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1658, Thomas Hollier ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún Samuel Pepys ní London, Pepys tí ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ lókìkí títí dòní. Ọmọ ọdún 25 ni. Kò sí oògùn akunilóorun nígbà náà. Wọ́n á de aláìsàn, àwọn ọkùnrin alágbára á dì í mú, abẹ á sì gba àárín kórópọ̀n àti ihò ìdí wọlé. Òkúta tó jáde tóbi bíi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ayé ìgbà yẹn. Pepys yè é, ó ṣe àpótí fún òkúta rẹ̀, ó sì pinnu pé òun á máa se àsè lọ́dọọdún nítorí ọjọ́ náà. Ní 1669, ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Evelyn mú un lọ sọ́dọ̀ Richard, àbúrò Evelyn, tí irú àìsàn kan náà ń dà láàmú, kó lè fi òkúta náà hàn án, kó sì kì í láyà. Ìgbà tí Richard kú ní 1670 tí wọ́n la òkú rẹ̀ ni wọ́n tó rí tirẹ̀ yọ. Kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Pepys.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Stephen Pollard, òṣìṣẹ́ kan tó wá sí Guy's Hospital ní London lóṣù Kẹta ọdún 1828. Bransby Cooper ló gé e. Bàbá rẹ̀ àti Sir Astley Cooper, ògbóǹtarìgì oníṣẹ́-abẹ, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn kan sì ń sọ ọ́ pé ẹbí ló gbé e dépò, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀jáfáfá ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ parí gbà á ní nǹkan bíi wákàtí kan. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, kò kan òkúta. Ó gbé ẹ̀mú, ẹ̀mú kò mú nǹkan kan. Ó tún pa dà sórí irin. Ìwé ìròyìn Lancet ròyìn pé ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́, ó ń bi wọ́n bóyá wọn kò gbọ́ òkúta náà ni. Ẹ fojú inú wò ó ná: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún inú yàrá, ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ń bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òkúta náà wà níbi tó wà, dókítà sì ń ní kí wọ́n tẹ́tí.

Òkúta jáde níkẹyìn. Pollard kú lọ́jọ́ kejì.

Thomas Wakley, olóòtú Lancet, gbé ìròyìn náà jáde bí ẹni kọ eré orí ìtàgé. Cooper pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ó ń bèèrè 2,000 pọ́ùn; ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n dá a láre, àmọ́ 100 pọ́ùn péré ni wọ́n fún un, àwọn aráàlú sì dáwó san án fún Wakley. Àwíjàre Cooper ni pé ẹran ara Pollard níbi abẹ náà jìn ju ti ẹlòmíràn lọ. Lójú tèmi, irin kò parọ́. Òkúta wà níbẹ̀. Àmọ́ kéèyàn gbọ́ pé nǹkan wà yàtọ̀ sí kó mọ ibi tó wà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe lè gbọ́ "ṣ" lẹ́nu ènìyàn láì mọ ibi tí ahọ́n rẹ̀ kàn.

Àwọn míì tiẹ̀ wà tí wọ́n gé tí wọn kò bá òkúta kankan. Ògiri àpò ìtọ̀ tó ki, tó sì le, ti tan dókítà jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi di òfin láàárín wọn pé, lórí tábìlì gan-an, kí abẹ tó kan ara, dókítà gbọ́dọ̀ tún fi irin wá òkúta náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá rí i, kó dá aláìsàn pa dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Mélòó nínú wọn ni agídí á jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú èrò?

Ní Paris, láti 1824, Jean Civiale ti ń gba ojú ìtọ̀ wọlé lọ fọ́ òkúta láì fi abẹ gé ènìyàn. Ní 1879, Maximilian Nitze fi irinṣẹ́ oníná han àwọn dókítà ní Vienna, ojú wá rí inú àpò ìtọ̀. Röntgen ṣàwárí ẹ̀rọ-ìyàwòrán tirẹ̀ ní 1895, ṣùgbọ́n àwọn òkúta kan wà tí kì í hàn nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tó jẹ́ pé ásíìdì yúríìkì ló dì wọ́n. Ìró ló tún wá gbà wọ́n sílẹ̀: ẹ̀rọ ọ̀tulíráásáǹdì ń rán ìró tí etí wa ò lè gbọ́ wọ inú ara, ó sì ń fi gbohùngbohùn rẹ̀ yàwòrán ibi tí òkúta wà gan-an.

Pepys kò bá ìyẹn láyé. Ó kú ní 1703, ọdún 45 lẹ́yìn Hollier. Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀, òkúta méje ni wọ́n bá nínú kíndìnrín rẹ̀ apá òsì. Irin kankan kò lè dé ibẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.